Ilé Tí Èmi àti Rósà Rà ní Savalou

Ọjọ́ tí ayálégbé wa àkọ́kọ́ ń kẹ́rù bọ̀ ni obìnrin kan dé láti Djaloukou lórí alùpùpù. Ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ó jókòó. Ó ní inú yàrá náà ni wọ́n sin ìyá òun sí, ẹnikẹ́ni kò ní í tẹ́ ibùsùn lé e lórí.

Aṣọ ni mo ń rán nígbà náà. Ọmọ Bantè ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọjà Savalou ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Rósà, tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà mi, ló ní kí a pawọ́ pọ̀ ra ilé tí a ó máa fi háyà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ tí o kì í dúró kí n wọn ìbàdí rẹ tán, ìwọ lo fẹ́ máa dúró de ayálégbé?" Ṣùgbọ́n iye owó sẹ́fà tí à ń ná ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ ni, ẹni tó towó jọ ń káwọ́ lérí. Ilé kì í já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A rí ilé oníyàrá mẹ́rin kan, yàrá kọ̀ọ̀kan ní pálọ̀ tirẹ̀, kànga kan ló wà fún gbogbo wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọkùnrin méjì tó jogún rẹ̀ fọwọ́ síwèé, olórí àdúgbò jẹ́rìí, wọ́n lu ìwé ní òǹtẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi abẹ́rẹ́ kó jọ wọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọbìnrin kankan fún wa, àwa náà ò sì béèrè.

Ayálégbé wa, ọmọ Mahi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tó fi ní kí ọmọlanke yí padà. "Màdáámù, èmi kì í bá òkú du yàrá." Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá tàn kálẹ̀, ta ni yóò tún háyà ilé wa?

Rósà fa ìwé yọ. Obìnrin náà ò tilẹ̀ wò ó.

"Mi ò sọ pé ilé kì í ṣe tiyín. Owó rẹ̀ ò sì kàn mí. Ta ló wá sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ta ibi tí ìyá mi sùn sí?"

A tọ àwọn arákùnrin rẹ̀ tó ta ilé náà fún wa lọ. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ sílé ọkọ. Kí ló kàn án nínú ilé bàbá wa?"

Bí a ti ń padà bọ̀, Rósà dúró lójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá fẹ́ ta ilé bàbá yín ní Bantè, ṣé wọ́n á pè yín?"

Inú ilé yẹn ni wọ́n sin ìyá tèmi náà sí. Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

A ra obì, a padà, a kúnlẹ̀ síwájú ẹní obìnrin náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ra ilé yìí. Ọwọ́ yín la ti wá tọrọ rẹ̀."

Rósà rọra ní, "A ṣáà ti rà á." Mo já a léèékánná.

Obìnrin náà gba obì náà. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí." Ó pa obì, ó dìde, ó wọ inú yàrá. A gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Ìyá mi, wọ́n bi mí o. Mo ti gbà." Nígbà tó jáde, ó ní kí tábìlì máa wà lójú ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, kó má ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ọmọ Mahi náà gbọ́ pé ó ti gbà, ó kó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. A ti ra ilé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin onílé ni mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí obìnrin náà ká ẹní rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bantè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbatẹ́gùn níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ ta ilé yìí, ṣé ẹ ó ránṣẹ́ pè mí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ talé. Ó ní kí n dìde, kí n wá jẹun.

Mo tún bi í. Mi ò dìde.