Màmá Ṣubúọlá àti Ilé Àjọni Ìlọ́fà

Ṣubúọlá Májẹ́kódùnmí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Bí ó bá kí ọ kú òwúrọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Ìlọ́fà, ẹni tó ń bọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé kẹta á bá ọ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé girama kan níhà Odò-Ọwá ló sọ ohùn rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í yangàn. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá lè borí ariwo ayùn, kó lọ máa ṣe akọ̀wé.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà fi ayé sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá láti Èkó àti Ìlọrin fún ìsìnkú ní kí wọ́n ta irinṣẹ́ bàbá wọn. Màmá wo ìfági tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti sọ di dídán, ó ní ta ni yóò rà á tí yóò mọ̀ ọ́n lò. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé kòkó àtijọ́ tí Bàbá Olóyèdé, àgbà ìjòyè kan nílùú, jogún, tí kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́ ju àdán lọ. Bàbá yọ̀ǹda ilé náà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún òun nìkan.

“Ulé yìí tóbi ju ẹnì kan lọ,” ni Bàbá wí. “Pe àwọn ẹlòmíì mọ́ra.”

Ó pè wọ́n. Kàbírù tó ń jó irin gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ wá. Susanna aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wá. Tófúnmi, ọmọbìnrin Òkè-Ọ̀pin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, so sólà mọ́ òrùlé. Bí ibẹ̀ ṣe di Ilé Àjọni nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ilé kò ní san nǹkan kan, yóò kàn mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ náà, yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò gbálẹ̀, yóò sì kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ní ohun tó mọ̀. Bí àga rẹ bá ṣẹ́, o lè gbé e lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi tún un ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣèpàdé. Wọn kò ní alága, wọn kò sì ní igbá-kejì alága, èyí sì ya ará ìlú lẹ́nu, torí lọ́dọ̀ wa níbí, bí èèyàn mẹ́ta bá jọ yà sábẹ́ igi kan, wọ́n á ti yan alága kí òjò tó dá. Ètò tí wọ́n ní ni èyí tí Bàbá Olóyèdé mú wá láti ìgbìmọ̀ ìlú, níbi tí àwọn ìjòyè kéékèèké ti ń sọ tiwọn kí àwọn àgbà tó lanu. Ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, títí yóò fi kan Bàbá. Bí ẹyọ ẹnì kan bá ní òun kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà á sùn di Sátidé míì.

“Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán,” ni Bàbá wí, “kí ló kù fún ọmọdé ju bẹ́ẹ̀ ni, sà?”

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ní Òkè-Ọ̀pin wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn mọ ààrò tuntun. Orí Màmá wú, torí irú iṣẹ́ tó ti ń wá nìyẹn. Kí ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó pé, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ààrò náà sára ògiri. Bàbá Olóyèdé kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó lọ síbi òkú kan ní Ìdọ̀fin. Bí wọ́n ṣe jókòó ni Màmá dìde.

“Ẹ wò ó,” ni ó wí, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. “Ẹnu ààrò á kọjú sí títì, káwọn oníbàárà lè máa rí uná látòkèèrè. Mo ti rò ó dáadáa. Uṣẹ́ yìí á dára.” Ó wá rántí ètò, ó rẹ́rìn-ín. “Tófúnmi, ìwọ ló kàn. Kí lo rí sí i?”

Tófúnmi wo ògiri, ó wo Màmá. “Bí ẹ ti wí náà ni, mà.”

Kàbírù ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Susanna ní kí Olúwa fún Màmá ní ẹ̀mí gígùn. Wọ́n bá lọ mọ ààrò náà sí Òkè-Ọ̀pin, ó sì lẹ́wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dáná sí i, ọyẹ́ fẹ́ wá láti ìhà títì gan-an. Ó gba ẹnu ààrò wọlé, ó ru iná sókè, ó sì tú eérú dà sórí agbada. Gààrí jó kí ẹnikẹ́ni tó rò ó. Àwọn obìnrin náà wúkọ́, wọ́n nu ojú, wọ́n dúpẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń dúpẹ́, wọ́n sì padà sídìí ààrò wọn àtijọ́. Kò sí ẹni tó bá Màmá wí, ìyẹn gan-an ló sì burú jù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ilé Àjọni bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro. Lọ́jọ́ Susanna, Susanna kò yọjú. Ó ní aṣọ ìgbéyàwó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Kàbírù, ilẹ̀kùn wà ní títì. Màmá Ṣubúọlá kì í ṣe ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn títì níran, nítorí náà ó ń lọ ṣí i fúnra rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ráhùn pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí kò lè fara da ìjákulẹ̀ ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí ará ìlú fi ń pe ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣubú. Ó kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín.

Kàbírù ló gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ yín jó géètì kan.”

Màmá wo ẹ̀rọ ìjórin náà. Èjìká ni Kàbírù fi gbé e wọ ilé yìí. Orúkọ bàbá Kàbírù tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ṣì wà lára rẹ̀.

“Ẹ̀rọ ta ni?” ni ó bi í.

“Ẹ̀rọ yín, mà,” ni Kàbírù dáhùn, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rù ba Màmá nígbà yẹn. Ó rí i pé ohun tí òun tìtorí rẹ̀ kó irinṣẹ́ ọkọ òun wá síbí ti fẹ́ kú, àti pé òun gan-an ló ń pa á. Ilé tó bá ti di ti òun nìkan, ọjọ́ tí òun bá kú ni àwọn ọmọ òun yóò ta irinṣẹ́ inú rẹ̀.

Ó gun ọ̀kadà lọ bá Tófúnmi ní Òkè-Ọ̀pin. “Ṣé o mọ̀ pé ìhà títì ni ọyẹ́ ń gbà wá?”

Tófúnmi kúnlẹ̀, kò dìde. “Mo mọ̀, mà. Yèyé mi ti ń yan gààrí níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.”

“Kí ló dé tó ò fi sọ?”

“Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, mà. Ta ni mí tí n ó ní àgbà ṣì í wí?”

Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, Màmá náà ti fi òwe yẹn pa àìmọye ọmọ lẹ́nu mọ́ nílé ìwé. Bí Tófúnmi bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ìbá ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó dákẹ́, gààrí sì jó. Àgbà ló já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ, ẹ̀bi ọmọ kò sí níbẹ̀.

Màmá fi wàsáàpù bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n wá sípàdé. Ẹ̀bẹ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà wọ́n wá, Bàbá Olóyèdé náà sì wà ní ìjókòó. Màmá mú pákó kan, ó ń fá a, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe kí ẹnu rẹ̀ sì lè sinmi. Ìyà ńlá ni. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe lè tún ààrò náà ṣe láì wó o, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu gbígbóná. Ó gbé e mì.

“Ẹ jẹ́ ká wó ààrò náà,” ni Tófúnmi tó kéré jù wí. “Kí yèyé mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó níbí, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, ká tó fọwọ́ kan amọ̀.” Wọ́n rò pé ó tán. “Ó tún ku ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ulé yìí, kó má sùn sọ́dọ̀ Màmá mọ́. Ní báyìí, ẹni tí ọjọ́ bá kàn ní láti kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ nílé Màmá kó tó rí ulẹ̀kùn ṣí. Kó máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì.”

Ìfági dúró. Nígbà tó kan Kàbírù, ó wolẹ̀, ó ní òun fara mọ́ ọn. Susanna fara mọ́ ọn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kan Màmá.

Ó lè ní òun kò gbà. Ẹnu ẹnì kan péré tó láti mú ọ̀rọ̀ sùn, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi.

“Ó dùn mí,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì dé ojú fèrèsé. “Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Tófúnmi sọ.” Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Bàbá Olóyèdé ní òun náà gbà.

Ààrò kejì kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́, Màmá á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀pin kò kúrò nídìí rẹ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, Màmá gbé àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lọ sí Ilé Àjọni. Ọjọ́ Kàbírù ni, Kàbírù sì pẹ́. Màmá jókòó sórí àpótí yíyẹ̀ náà lẹ́nu ilẹ̀kùn títì, inú rẹ̀ sì dùn lọ́nà tí kò lè ṣàlàyé. Ọkùnrin kan dé láti Ìdọ̀fin pẹ̀lú ọkọ́ tí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

“Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni ulé yìí,” ni ó wí. “Ẹ bá mi ṣí i.”

“Wọ́n parọ́ fún ọ,” ni Màmá dáhùn, ó sún fún un lórí àpótí. “Jókòó tì mí. Onílé ń bọ̀.”