Iná LED Tí Wọ́n Ní Ká Máa Wò Látẹnu Ọ̀nà

Mo ní mi ò gbà, mi ò sì tíì gbà di bí mo ṣe ń kọ èyí!

Ọkùnrin kan gbé ojú iná LED, irú èyí tí ọ̀rọ̀ máa ń hàn lójú ẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Emure-Ile lónìí, ká wò ó ká tó rà á. Ó ní kí gbogbo àwa ìgbìmọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ orin tó wà lójú ẹ̀ hàn kedere. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé, "Nínú àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà lójú ẹ̀ yìí, báwo ni ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì tó?"

"Mílímítà mẹ́wàá, màdáàmù."

Ti ẹ̀gbẹ́ títì nìyẹn, fún ẹni tó ń wò ó lókèèrè! Iwájú pátápátá ni àwọn ìyá àgbà wa ń jókòó. Mo mú Ìyá Ìjọ lọ sórí àga wọn.

"Màmá, kí lẹ rí?"

Màmá ṣẹ́jú títí. "Àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní."

Ọkùnrin náà ní, "Kí màmá sún sẹ́yìn."

Ta ni kó sún? Màmá ti ń jókòó níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i!

Mo ní kó di ẹrù ẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ wa ní mo ti le jù. Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí i: ta ló yẹ kó kúrò níbẹ̀, ìyá wa ni àbí iná ẹ̀?