Àpò Iyanrìn Mẹ́rin Nínú Mọ́tò Eré Ìje

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà. Bí wọ́n bá sọ fún èmi náà pé ọmọ Ìlàjẹ kan, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ síléèwé láti kékeré, fi gbogbo owó tó tù jọ ra mọ́tò eré ìje àlòkù, tó sì di àpò iyanrìn mẹ́rin sí bọ́ọ̀tù rẹ̀ kó má baà gbọ̀n mọ́, màá ní irọ́ náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èmi ni. Mo sì kàwé.

Mo rántí bí mọ́tò náà ṣe rí nígbà tí mo gbé e dé Igbókòdá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà: pupa, onílẹ̀kùn méjì, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó dàgbà ju àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lọ. Ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Mahintẹ̀dó kó lè wá wò ó. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ gbá a lórí, ó ní, "Ó dára o. Àwọn èèyàn yòókù ńkọ́, níbo ni wọ́n máa jókòó sí?"

Ojú ìyá mi ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan kan ń ti ojú méjèèjì láti inú. Kò ní dùn ún, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ìmọ́lẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì lọ kì í padà. Ó dá ọjọ́ fún wa. Mo ní èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ. Ìyá tíṣà kò ní há sáàárín èrò nínú takisí.

Lọ́jọ́ náà, a ò tíì jìnnà sí Òkìtìpupa nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré mọ́tò kan ọgọ́rin, tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe ọwọ́ ìwakọ̀ ló ń gbọ̀n o, abẹ́ ìdí wa ni, hùù-hùù-hùù, bí ẹni tí ibà mú. Ìyá mi, tó ti fi ogójì ọdún gba orí omi lọ ta ẹja, yọ orí síta lójú fèrèsé, ó bì.

"Òkun ò mú mi bì rí," ó ní, "mọ́tò ọmọ mi ló wá mú mi bì."

Ẹni tó gbọ́n ì bá rọra wà á lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń wa mọ́tò eré ìje bí ẹni gbé òkú? Mo yí mọ́tò padà sílé. Mo ní ká tún un ṣe ná, ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́rin. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní táyà ni. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì ní àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni. A pààrọ̀ wọn. Ó ṣì ń gbọ̀n. Ó rẹ̀ mí débi pé tí mo bá dúró níwájú pátákó, mo máa ń rò pé ilẹ̀ kíláàsì ló ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi sọ pé òun lè wọ takisí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àwọn àgbà ní ìjàfara léwu. Èmi fúnra mi ti fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní òwe yẹn kọ àròkọ lé lórí, mo sì fìyà jẹ àwọn tí kò tètè mú tiwọn wá.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n ilé sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, tí ọkọ̀ bá fúyẹ́, tí omi ń fi í ṣeré, àpò iyanrìn la máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè fìdí múlẹ̀. Mo di àpò mẹ́rin, mo tò wọ́n sí bọ́ọ̀tù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọ́nnu láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbọ̀n débi pé dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi ló rán ọkùnrin kan sí mi láti Òde Ugbò, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà. Kí ló mọ̀ nípa mọ́tò? Ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó wò mí.

"Tíṣà, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?"

"Kó má baà gbọ̀n ni, ọ̀gá."

"Háà! Ìwé yín mà pọ̀ o."

Ó ní kí n kó iyanrìn mi sílẹ̀ ká jọ jáde. Nígbà tá a dé ọgọ́rin, tí ìgbọ̀n náà dé, ó ní kí n yọ jíà, kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí mọ́tò máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀. Ìgbọ̀n náà ò wálẹ̀.

"Ẹ rí i? Ẹ́ńjìnnì yín ò jẹ̀bi. Ohun tó ń bá ẹsẹ̀ mọ́tò yí ni ká wá."

Nígbà tá a padà, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì. Mo gbọ́ ọ: kó, kó. Oríkèé ọ̀pá náà, irin tí wọ́n ń pè ní kúrọ́ọ̀sì, ti gbẹ, ó ti jẹ, ìpẹtà pupa ń dà lára rẹ̀ bí ata gígún.

"Bó ṣe ń ṣe ọkọ̀ ojú omi náà nìyí," ó ní. "Tí oríkèé ọ̀pá bá ti jẹ, gbogbo ara ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Iyanrìn yín tẹ ìdí mọ́tò sílẹ̀, ó kọ́kọ́ bá ọ̀pá lára mu, ó wá jẹ kúrọ́ọ̀sì tán."

Ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ pátákó lápò mi, ó fi sàmì sí ojú ibi tí ọ̀pá ti so pọ̀ kó tó tú u, kó lè dá a padà bó ṣe wà. Ó fi kúrọ́ọ̀sì tuntun sí i, ó fi gíríìsì pa á. Oṣù mẹ́rin tèmi, ọ̀sán kan péré ló fi ṣe é. Mo wà á jáde, ó dé ọgọ́rin, ó dé ọgọ́rùn-ún, kẹ́kẹ́ pa. Mo pariwo nínú rẹ̀ bí ọmọdé. Mo pe ìyá mi lórí fóònù: "Ọ̀la ni o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Àkúrẹ́ láìsí èébì. Dókítà wo ojú náà pẹ́, ó sì béèrè ìdí tó fi jẹ́ ìsinsìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Mo ń wo ògiri. Ó ní òun lè di ojú ọ̀tún mú, ṣùgbọ́n tòsì ti lọ. Ìyá mi ní, "Ẹ bá mi tọ́jú èyí tó kù." Kò wojú mi.

Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì yẹn ni mo jókòó sí nígbà tí à ń padà bọ̀. Nígbà tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó ní láti yí gbogbo ọrùn kó tó rí mi. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Ó mà ń lọ geere o, bàbá mi."

Ìyìn tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin nìyẹn.