Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Orí Bùrọ̀dá Ràímì Dán Ọwọ́ Bàbá Ọlábẹ Wò

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi délẹ̀ ni Àǹtí Sìdíkátù, ìyàwó Bùrọ̀dá Ràímì tó jẹ́ àbúrò bàbá mi. Òótọ́ ni pé èmi náà wà nínú agboolé lọ́jọ́ náà, mo sì fi ojú ara mi rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ni mí, ohun tí àwọn àgbà ń sọ nínú yàrá kò dé etí mi. Ìgbà tí mo dàgbà ni àǹtí bu ìyókù lé e fún mi.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ gẹrun nítòsí ìkóríta Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin tó gẹ̀ ẹ́ fún mi ki nǹkan bọ etí, ó ń gbọ́ orin tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Gbólóhùn kan péré ló bá mi sọ: "Dádì, ṣé ká gé e wálẹ̀ gan-an?" Nígbà tó parí, ó fi sípírítì nù mí lẹ́yìn ọrùn. Bó ti ta mí lára ni Bàbá Ọlábẹ wá sí mi lọ́kàn. Òun kò ní sípírítì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń là sí méjì tá a bá ti fárí tán, tí yóò fi pa gbogbo orí ènìyàn, tí ojú ẹni yóò sì ṣe omi. Títa náà, ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ onígbàjámọ̀, ẹni tó ń fi abẹ fárí, mọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 tí mò ń sọ yìí, agboolé kọ̀ọ̀kan ṣì ní tirẹ̀. Tiwa ni Bàbá Ọlábẹ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ilé kí wọ́n tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kí ènìyàn tó o. Yóò kí bàálé, yóò kí ìyàwó ilé, yóò kí oyún inú, yóò béèrè ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, yóò tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà láàárín agboolé, yóò gbé àpótí kan sí i, yóò tú àpò awọ rẹ̀: abẹ, ọṣẹ dúdú, jígí tó ti sán ní igun kan, àti awọ tó fi ń pọ́n abẹ, tó ti ń dán bí ẹyin ojú. Àwọn ọkùnrin yóò tò sórí ìtí igi, wọn yóò máa dúró kó kan orí tiwọn. Bàbá Díákónì, onítẹ̀bọmi tó ń gbé apá kejì agboolé, máa ń wá jókòó pẹ̀lú wọn. Kì í fárí, ó máa ń la irun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti àwọn òyìnbó míṣọ̀n, ó ní kí Bàbá Ọlábẹ kàn bá òun tọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń wá gbọ́.

Ju ti àgbà lọ, orí ọmọ tuntun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí agboolé, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán ní ọjọ́ kẹjọ, ọwọ́ onígbàjámọ̀ ilé ni irun àkọ́kọ́ ń bọ́ sí. Òun ló fá ti bàbá mi, òun ló fá ti Bùrọ̀dá Ràímì, òun ló fá tèmi. Ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Agboolé tó bá gbà á, àfi bí ẹni tó kéde fún ìlú pé ọwọ́ bàbá ti kú.

Bùrọ̀dá Ràímì wá ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ gáráàjì ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní kílípà oníná àti pátákó tí wọ́n ya oríṣiríṣi orí sí. O kàn máa nawọ́ sí èyí tó wù ọ́ ni. Ọjọ́ kan ni bùrọ̀dá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú pọ́ńkì. Wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kanlẹ̀, àárín wá dúró gbọnrangandan bí ìṣù búrẹ́dì. Bàbá Ọlábẹ wò ó yíká, ó ní, "Ràímì, ta lo bá jà?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ agboolé ń bá bùrọ̀dá lọ sí Ọ̀yọ́ lọ gẹrun, ọmọkùnrin kan sì ṣí tirẹ̀ ní Ọjà Igbó. Àwọn tó ń jókòó sórí ìtí igi ní àárọ̀ Jímọ̀ wá ku àwọn arúgbó àti àwa ọmọdé tí kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tá a fẹ́.

Àárín ìgbà yẹn náà ni ọwọ́ Bàbá Ọlábẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọmọ tí Àǹtí Sìdíkátù bí ní ọdún náà, ó ti retí rẹ̀ pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkómọ, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àgbà wa, nínú yàrá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo wo Bàbá Ọlábẹ nígbà tí wọ́n ń mumi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdajì ló dà sí wọn láyà. Ṣé ọwọ́ yẹn ló máa gbé abẹ kan àwùjẹ̀ ọmọ mi?"

"Ọwọ́ yẹn ló fá orí ọkọ rẹ."

"Kì í gbọ̀n nígbà náà, Ìyá."

Ìyá Àgbà ní, "Tá a bá gbé ọmọ yìí fún ẹlòmíràn lọ́la, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́. Kò tún sí ilé tó máa gbé ọmọ fún un mọ́ láyé. Ṣé àwa ló yẹ ká sìnkú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè?"

Bùrọ̀dá Ràímì, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, fẹ́ fi àwàdà tú ọ̀rọ̀ náà ká. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi orí àgbàlagbà kan dánra wò ná." Ìyàwó rẹ̀ yíjú, ó wo orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà wo orí rẹ̀.

"Orí tèmi kọ́?" ni bùrọ̀dá wí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àáfáà sọmọ lórúkọ, wọ́n ṣàdúà, wọ́n dúńbú àgbò. Bàbá Ọlábẹ ti wọ aṣọ funfun, ó ti pọ́n abẹ. Ìyá Àgbà sọ fún un pé Ràímì fẹ́ kọ́kọ́ fárí tirẹ̀, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ràímì? Gorímápá?" Bàbá Ọlábẹ rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run tóbi o."

Bùrọ̀dá jókòó sórí àpótí. Gbogbo agboolé pé yí wọn ká, Àǹtí Sìdíkátù dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó di ọmọ mọ́ àyà. Bàbá po ọṣẹ, ó rẹ irun, ó fi ìka méjì yí orí náà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Pọ́ńkì ń já bọ́ lápá kan. Ó ń dára bọ̀. Mo rí i tí èjìká àǹtí ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí abẹ dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún, ọwọ́ náà fò. Ẹ̀jẹ̀ là sílẹ̀ lórí ọṣẹ tó ti hó funfun.

Àǹtí ti wọlé. Bàbá fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó wo aṣọ, ó sì gbé abẹ sórí ẹní.

"Ràímì, má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dán mi wò ni. Èmi náà ti ń dán ara mi wò láti ìgbà òjò."

Ó ń nawọ́ mú àpò rẹ̀ nígbà tí bùrọ̀dá sọ̀rọ̀. Kò yíjú, ibi tó tẹ orí sí náà ló wà.

"Bàbá, ẹ ò lè fi mí sílẹ̀ báyìí. Apá kan péré lẹ fá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé orí yìí wọ gáráàjì?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Díákónì ké láti ẹ̀yìn. "Apá Ọ̀yọ́ ti lọ, ó ku apá Ògbómọ̀ṣọ́!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlábẹ kò rẹ́rìn-ín.

"Ràímì, o rí ẹ̀jẹ̀ yẹn?"

"Mo rí i, Bàbá. Ẹ parí rẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó gbé abẹ náà. Ó pẹ́ kó tó parí pẹ̀lú, torí ó ń sinmi láàárín, bùrọ̀dá kò sì mira. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, bùrọ̀dá pariwo, àwa ọmọdé sì fò sókè. Nígbà náà ni bàbá fúnra rẹ̀ wí pé: "Ẹ ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin Ọjà Igbó yẹn. Kó mú kílípà ọlọ́wọ́ wá, kì í ṣe ti iná. Èmi ni màá gbá orí ọmọ mú fún un." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Orí ọmọ náà kéré débi pé kò kún àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Àǹtí sọ fún mi pé òun ń wo ọwọ́ náà, ó ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ òun sùn sínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé nǹkan padà sí bó ṣe wà. Kí irun tó kún dáadáa, bùrọ̀dá ti padà sí pọ́ńkì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Bàbá Ọlábẹ ṣì ń wá ní àárọ̀ Jímọ̀, àwọn arúgbó ń fún un lórí wọn, títí tí àwọn arúgbó náà fi tán, tí òun náà sì tẹ̀lé wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé agboolé wa lé e. Lónìí, onígẹrun kò mọ orúkọ bàbá ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ ọkùnrin ṣì ń tẹ ọrùn ba fún ọkùnrin mìíràn tó mú ohun mímú lọ́wọ́, wọn kì í sì í bá ara wọn ṣàdéhùn kankan kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí ní kò sí ohun tí ọkọ òun ṣe láyé tó wu òun tó bó ṣe jókòó lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan nínú ilé ní ìwà òmùgọ̀ gbáà ni, pé ọgbẹ́ kejì ì bá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ lo wà lórí àpótí náà, tí o ti rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ, ṣé wàá dìde ni, àbí wàá jókòó kó parí rẹ̀?