Màrìwò Tí Máníjà So

Kò sí ẹni tó ń jẹ pupurú ní Òkìtìpupa láyé àwọn ológun tí kò mọ Salome. Ọmọ Ìlútítun ni, ọkọ ló gbé e wá sí Òkìtìpupa, ikú sì mú ọkọ náà lọ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Ohun tí ọkọ fi sílẹ̀ fún un kò ju ìsọ̀ onípákó kan lọ lẹ́bàá títì, lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ ìdílé Oyèkànmí. Níbẹ̀ ni Salome ti máa ń fi ọ̀bẹ ha èèpo dúdú tí èéfín fi sílẹ̀ kúrò lára pupurú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí oníbàárà lè rí i pé inú rẹ̀ funfun. "Wò ó dáadáa," ni yóò máa wí. "Bí o bá rí èyí tó funfun ju èyí lọ, wàrà ni, kì í ṣe pupurú." Ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìsọ̀ yẹn ló rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, kò sì ní òmíràn. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe nígbà tó yá, ẹ má sọ pé orí rẹ̀ dàrú o. Olójú kan kì í tàkìtì òró.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, kọ́ńpìnnì kan tó ń kọ́ ilé ìtajà kiri dé láti Èkó. Wọ́n ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé Oyèkànmí, wọ́n gé ọ̀pẹ, wọ́n wó ìsọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé gbàgàdà kan tí wọ́n pè ní Ìrọ̀rùn Plaza. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣèlérí fún àwọn tí wọ́n wó ìsọ̀ wọn, wọ́n sì mú ìlérí ṣẹ. Máníjà tí wọ́n rán wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benedict, kó gbogbo wọn jọ.

"Kọ́ńpìnnì tiwa kì í ṣe èyí tó ń kọ́lé tán kó sá lọ," ó ní. "A ní ojúṣe sí ìlú. A ní ojúṣe sí àyíká. A ní ojúṣe sí igi pàápàá."

Orí kùkùté ọ̀pẹ ni Salome jókòó sí tó ń gbọ́ ọ. Ó wo kùkùté, ó wo máníjà, ó tún wo kùkùté. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ti Salome ṣe àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò bá ṣí kí oṣù tó parí, kọ́ńpìnnì yóò gbà á fún ẹlòmíràn. Salome rẹ́rìn-ín sí òfin yẹn. Ta ni yóò fún un ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ṣí i?

Benedict kì í ṣe èèyàn burúkú. Kàdúnà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Yorùbá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò yé e. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ohun tó sì mọ̀ nípa imọ̀ ọ̀pẹ kò ju pé lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, wọ́n máa ń jù ú lókè, wọ́n á máa kọrin wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀ ni imọ̀ ọ̀pẹ lójú tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó wá ní kó ya fọ́tò plaza ránṣẹ́, kí ayé lè rí i pé kọ́ńpìnnì fẹ́ràn igi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi dà? Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé. Ló bá ní kí wọ́n gé e. Ó já màrìwò orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó láti òpó dé òpó yí gbogbo iwájú plaza ká, ó ya fọ́tò, inú rẹ̀ dùn, ó lọ jẹun.

Háà! Ṣé ó yẹ kí n máa sọ èyí fún yín? Ọmọdé tó bá ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nílẹ̀ wa mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ta màrìwò sí, ẹsẹ̀ kì í débẹ̀. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ìjà. Ó lè jẹ́ pé orò wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti gégùn-ún síbẹ̀. A kì í béèrè, torí ẹni tó bá béèrè ni wọ́n máa ní kó wá jẹ́rìí.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àwọn aláṣọ, aláata àti aránṣọ dé pẹ̀lú ẹrù lórí, gbogbo wọn sì dúró gbọn-in ní etí títì. Rẹ̀mílẹ́kún, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Salome, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?" ó bi Salome.

"Ṣé èmi ni mo so ó ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Oyèkànmí, olórí ìdílé tó ta ilẹ̀. Bàbá dé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wo màrìwò náà pẹ́. "Kì í ṣe ọwọ́ wa," ó ní. "A ti ta ilẹ̀. Ẹni tó rà á ló mọ ohun tó rí. Ẹni tó sì so ó ni í tú u." Ó yí padà, ó gba ilé lọ, kò wẹ̀yìn. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fẹ́ ra bàtà ní nínú orúkọ Jésù, òun kò bẹ̀rù màrìwò kankan, ẹsẹ̀ ló kàn ń dun òun díẹ̀. Tíṣà kan láti Ọ̀yọ́ ní àṣà àtijọ́ ni gbogbo èyí, ó sì ń sọ ọ́ láti òdìkejì títì.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń gba abẹ́ màrìwò wọlé ni Benedict. Láràárọ̀ ni yóò wọ bàtà dídán, yóò máa súfèé, yóò kọjá lábẹ́ ohun tí ọkùnrin bíi tirẹ̀ ń sá fún. Ẹ̀rù rẹ̀ wá ń ba wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ojú lásán.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò wọlé?" ó ń bi wọ́n.

"À ń bọ̀, sà," ni wọ́n ń dáhùn.

"Oṣù ń lọ o!"

Oṣù ń lọ lóòótọ́. Salome ń ta pupurú nínú abọ́ kiri lábẹ́ oòrùn, ara ń ro ó, oníbàárà kò mọ ibi tí wọ́n á ti rí i mọ́. Bí ó bá sì jókòó sétí títì, máníjà á ní kọ́ńpìnnì kò fẹ́ ìdọ̀tí lójú plaza, kó dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́yìn ilé náà, lẹ́bàá kòtò ìgbẹ́ plaza, ó sunkún. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í pé òun, Salome, ń sunkún lẹ́bàá ṣaláńgá. Bó ṣe gbójú sókè láti nu omijé ló rí i pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Kò sí màrìwò lẹ́yìn. Iwájú ni kọ́ńpìnnì ń ya ní fọ́tò, ta ló ń ya ẹ̀yìn?

"Rẹ̀mílẹ́kún o!" ó kígbe. "Gbé àkàbà wá!"

Salome kì í ṣe obìnrin kékeré. Orí wọlé, ọwọ́ wọlé, àyà wọlé, ìdí kọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ń tì í láti ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, agbára sì ń tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mí síta, ìyá mi!"

"Bí mo bá tún mí síta, èmi àti ayé pínyà nìyẹn! Tì mí!"

Ó já wọlé gbì! Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fún un, ó sì ṣí ọjà. Oṣù kò tíì parí.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń gba fèrèsé. Olúkúlùkù ní àkàbà tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń tò sẹ́yìn ilé, wọ́n ń fi aṣọ dí imú, wọ́n ń gba pupurú àti bùbá láti òkè. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá kò dúró níwájú mọ́. "Ẹ̀yìn plaza!" ni èrò ń wí, wọ́n á sì gbé e lọ sẹ́bàá kòtò. Benedict ń rìn níwájú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń dán, ó ń gbọ́ ohùn ọjà lẹ́yìn àwọn ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, á sì kanlẹ̀kùn.

"Mọ́mì Salome, ṣé ẹ ṣí?"

"A ṣí o, sà! Ọjà ń lọ!"

Orí rẹ̀ á wú. Ó ti ṣe máníjà ní ìlú mélòó kan, kò tíì rí ibi tí kò sí ìdọ̀tí báyìí. Kò sí ọ̀rá, kò sí èèpo ọsàn, kò sí itọ́. Ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sí nílẹ̀ àfi tirẹ̀. Nígbà tí màrìwò náà gbẹ tó pọ́n, ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó gun àkàbà, ó sì kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Òkìtìpupa dúró lókèèrè, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Ó tún ń fún un lágbára sí i."

Ìròyìn dé Èkó pé ilé tó mọ́ jù nínú gbogbo ilé kọ́ńpìnnì wà ní Òkìtìpupa. Ọ̀gá àgbà wọn, Olóyè Adésọjí, ọmọ Ìjẹ̀bú, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì. Wọ́n pe Bàbá Oyèkànmí náà wá jókòó. Olóyè dúró ti ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó gbé àmì ẹ̀yẹ fún Benedict níbẹ̀, ó ní ilé tó bọ̀wọ̀ fún àyíká ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Benedict ní kó wọlé wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olóyè ní ó dára, òun ti rí i láti ibí. Ayọ̀ wá gun Benedict lórí.

"Sà, n ò ní jẹ́ kó mọ níwájú! Mo ti kó màrìwò tuntun wá láti oko. Lónìí yìí ni mo máa so tẹ̀yìn!"

Ó kó o léjìká, ó sáré yí igun ilé, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹsẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún méjèèjì wà lójú fèrèsé, orí rẹ̀ wà nínú. Oníbàárà kan wà lórí àkàbà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ lẹ́nu.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Ṣebí ìlẹ̀kùn wà níwájú!"

 Benedict mi orí, ó gbé àkàbà ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so màrìwò láti apá òsì. Salome yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lápá ọ̀tún, ó rí i tó ń bọ̀. Ọ̀nà kan tó kù fún un ló ń dí yẹn. Nígbà yẹn ni "ẹ̀yin" àti "sà" tán lẹ́nu rẹ̀.

"Benedict! Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí ni? Èèwọ̀ lo so! Èèwọ̀ lo so síwájú, gbogbo ìlú ò sì lè wọlé! Fèrèsé ni mò ń gbà, èmi arúgbó! Ìwọ ò rí i pé ìwọ nìkan lò ń rìn níbẹ̀?"

Benedict dúró lórí àkàbà. Olóyè àti Bàbá Oyèkànmí ti dé ẹ̀yìn ilé nígbà náà. Benedict wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Sà, ṣé òótọ́ ni?"

"Kí lo rò pé mo ń dúró ti ọkọ̀ fún?" Olóyè ní. "Mo rò pé o mọ ohun tí ò ń ṣe."

Màrìwò bọ́ lọ́wọ́ Benedict. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ń súfèé lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Oyèkànmí ní, "Ẹni tó so ó ni í tú u." Benedict ní kí wọ́n dárí ji òun, òun kò lè fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Nísinsìnyí tó ti mọ̀, ẹni kan ṣoṣo tó ń gba iwájú wọlé náà kò lè gbà á mọ́.

Salome kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó fi àkàbà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìró rẹ̀ ya sára ìṣó, ó tẹ ẹrẹ̀ ẹ̀bá kòtò kọjá, ó di ọwọ́ máníjà mú, ó fà á lọ síwájú ilé. Gbogbo èèyàn tẹ̀lé wọn, wọ́n sì dúró lókèèrè.

"Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Nawọ́."

Ó fi ọwọ́ Benedict lé kókó ìdè, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ti Benedict lórí. "Ọwọ́ rẹ ló ń tú u o," ó ń sọ bẹ́ẹ̀ sókè kí ìlú lè gbọ́, "tèmi kàn bá ọ gbọ̀n ni." Bí kókó ṣe ń tú, ọ̀dà ń bọ́ sí wọn lára. Èyí tó gùn jù jábọ́. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì, ó fun fèrè.

Salome wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ sára táìlì funfun, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i láti ìta. Rẹ̀mílẹ́kún tẹ̀lé e, aláata tẹ̀lé e, alàgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn náà sáré tẹ̀lé wọn.

Olóyè Adésọjí wo ilẹ̀ náà, ojú rẹ̀ korò. Ó ní irú àmì ẹ̀yẹ yìí kò lè wà nínú ilé tó dọ̀tí báyìí. Ó gbà á padà lọ́wọ́ Benedict, ó sì ní kí dírẹ́bà gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ, Olóyè," Salome wí láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha pupurú. "Kò sí ibi tí a máa gbé e kà níbí. Oníbàárà ń bọ̀."