Pupa Wo?

Ní Ìnísà, Ìyá Pupa-Wo ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn tó bá a dé láti Gáńà nìkan ló mọ̀ ọ́n, àwọn yẹn náà ò sì pọ̀ mọ́. Bí aláta bá ní ata òun pupa, á ní, "Pupa wo?" Bí ọmọdé bá ní mọ́tò pupa kan ló kọjá, á ní, "Pupa wo?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ogbó ló ń dà á láàmú. Kì í ṣe ogbó.

Wòsílátù lorúkọ rẹ̀. Aṣáíman ló gbé, nítòsí Téma, fún ọdún mọ́kàndínlógún. Òwò tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ló mú un lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju agbada gàrí kan àti àpò mẹ́fà lọ. Wòsílátù sọkún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dáná sábẹ́ agbada.

Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá. Wọ́n fẹ́ràn gàrí Alata. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Gàrí gidi, tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Omi rẹ̀ á ro, á kan. Ìyá Wòsílátù ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Téma kì í dúró de ọjọ́ mẹ́rin. Ó sọ ọ́ di mẹ́ta. Ó sọ ọ́ di méjì. Nígbà tó yá, ohun tó wà lábẹ́ òkúta lálẹ́ ti wà nínú agbada láàárọ̀. Gàrí náà kò kan rárá. Wọ́n ní ó dùn bí àgbọn. Èyí tí kò bá tà, òun ló ń jẹ ẹ́: gàrí láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, gàrí lálẹ́. Obìnrin tó ń dá gbé, ta ni yóò máa se ìkòkò ńlá fún?

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́nà ọjà, kò mọ̀. Àgbékẹ́ ló pariwo sí i láti ẹ̀yìn. Ọlọ́ṣẹ ni Àgbékẹ́, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, Wòsílátù sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti dolówó o! Ẹ ń fi bàtà ta tálákà lọ́rẹ!"

Wòsílátù wolẹ̀, kò rí bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sọ fún un pé bàtà bọ́, ojú rẹ̀ kò sọ fún un ibi tó wà. Ibi tó bá tẹjú mọ́ gan-an ló ń ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń rí. Ó wo Àgbékẹ́, ó rí etí méjì àti gèlè, kò rí imú. Ilà àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Àgbékẹ́ ti parẹ́.

Ní àkókò náà, àwọn dókítà kan wà ní Akra tí wọ́n ń wá ohun tó ń fọ́ ojú àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n gba ilé kan, wọ́n to ìgò sínú rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ gígùn kan fún àìsàn náà. Ojú fífọ́ ni. Wọ́n ní oró wà nínú ẹ̀gẹ́, omi kíkan yẹn ló ń gbé e jáde, ẹni bá kánjú yan án, oró ló yan. Ìyá Wòsílátù mọ èyí láìní ìgò kan ṣoṣo.

Mọ́nsúrù ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ó ti lé lógójì ọdún. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Akra ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ṣàn bí ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́. Ó kó ìgò kéékèèké àti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wá fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Aṣáíman. Ó ní kí wọ́n bu gàrí díẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n ta omi sí i, kí bébà rọ̀ sókè rẹ̀, kí wọ́n dé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

"Màmá, tó bá di pupa, gàrí yẹn ní oró. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á."

Wòsílátù gba bébà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. "Àwọ̀ wo lèyí, Àgbékẹ́?"

"Pupa ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o gbọ́? Bébà yín ti pupa kó tó kúrò nílé."

"Rárá o, Màmá. Yẹ́lò lèyí."

"Kí ló ń jẹ́ yẹ́lò?"

Mọ́nsúrù họrí. "Pupa ni, àmọ́... pupa tí kò tíì pupa."

Àgbékẹ́ patẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ Yorùbá Gáńà! Pupa tí kò tíì pupa! Òkú tí kò tíì kú ńkọ́?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́nsúrù kó ìwé rẹ̀, ó ń bi àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni bébà yín dà? Pupa. Tìrẹ ńkọ́? Pupa. Obìnrin mọ́kànlá, pupa mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà fi mọ́tò sáré dé, ó rò pé májèlé ni gbogbo Aṣáíman ń jẹ.

Wòsílátù ló là á yé wọn. Ó ní, "Mọ́nsúrù, sọ fún dókítà pé pupa méjì ló wà. Pupa bí ìyeyè, pupa bí osùn. Ìyeyè, kó jẹ ẹ́. Osùn, kó sá."

Wọ́n tún ìgò ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyeyè ni tàwọn mẹ́wàá. Wòsílátù gbé tirẹ̀ fún Àgbékẹ́.

"Pupa wo ni?"

Àgbékẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Pupa bí osùn ni, ẹ̀gbọ́n."

Wòsílátù da gàrí àpò méjì sí kòtò lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni òkúta fi ń wà lórí àpò rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní gàrí rẹ̀ ti kan jù, wọ́n lọ síbòmíràn. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Dókítà fún un ní káàdì. Ihò méjìlá tí wọ́n fi ìlà yà ló wà nínú rẹ̀, ihò kan fún abẹ́rẹ́ kan, gbogbo Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní ojú yóò là tí ó bá gba méjèèjìlá pé. Ó ní yóò kọ́kọ́ máa rí ojú èèyàn, àwọ̀ ni yóò padà gbẹ̀yìn. Bí kò bá gbà á pé, òun kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àgbékẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó sì sọ fún un pé oògùn inú rẹ̀ pupa.

"Pupa wo?"

"Bí osùn, ẹ̀gbọ́n! Osùn pọ́ńbélé!"

"Ó dáa. Osùn ló fọ́ ọ, kí osùn wá là á."

Nígbà tó gba abẹ́rẹ́ keje, wọ́n jókòó láàárọ̀, Àgbékẹ́ ń gé ọṣẹ. Wòsílátù na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta," ó ní. "Ẹni tó kọ ọ́ nílà kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìkẹta wọ́." Àgbékẹ́ ju ọṣẹ nù, ó dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni rédíò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ni, ọdún 1969, ààwẹ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò ní Gáńà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wòsílátù rin ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo níwèé." Ó mú káàdì abẹ́rẹ́ jáde. "Òǹtẹ̀ ìjọba rèé. Ihò márùn-ún ló kù. Ìjọba kan náà kò lè ní kí n máa bọ̀, kó tún ní kí n máa lọ."

"Ẹnu ìjọba kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n."

Ní Ọjọ́bọ̀, Wòsílátù wọkọ̀ lọ sí Akra. Nínú ọkọ̀, obìnrin kan bi í ní Twi pé, "Alata, o ò tíì lọ?" Nígbà tó dé ilé ìgò, ó gbọ́ ohùn Mọ́nsúrù níbi tábìlì, inú rẹ̀ dùn, ó kí i.

Ọkùnrin náà dá a lóhùn ní Twi. "Mente aseɛ." Ó ní kò yé òun. Nọ́ọ̀sì pè é, Mẹ́nsà ló pè é, orúkọ àwọn ará Gáńà.

"Mọ́nsúrù, èmi ni. Èmi oní-ìyeyè àti osùn."

Ó ń kọ̀wé lọ.

Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó, kó na apá. Ó nà án. Ó rò pé ìkẹjọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà. Wọ́n tún gba díẹ̀ nínú gàrí tó máa ń gbé wá fún ìwádìí wọn. Nígbà tó ní kí wọ́n fi ìnkì sí ihò káàdì òun, nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un. Ó ní wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Oògùn náà kò pọ̀, ẹni tí yóò gbà á pé ló wà fún. Ẹni tó bá lọ láàárín ọ̀nà ń ba iṣẹ́ àwọn dókítà jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ti kọ́ Wòsílátù ní Twi. Gbogbo rẹ̀ ló yé e.

Mọ́nsúrù sáré bá a lẹ́nu géètì. Ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Yorùbá ti padà sẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ibí ni wọ́n bí mi sí. Mi ò níbòmíì tí mo lè lọ."

"Ta ló bi ọ́?" Ó di bébà mọ́ etí ìró. "Ìwọ gan-an ni pupa tí kò tíì pupa."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, onílé ní kí wọ́n jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kí àwọn jàǹdùkú má baà fọ́ ilé òun. Ẹ̀gẹ́ tí Wòsílátù rọ sápò nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rùú kò tíì lò ju òru méjì lọ lábẹ́ òkúta. Kò sí oúnjẹ mìíràn. Ó yan án láàárọ̀, ó rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n gun ọkọ̀.

Ní bodè Aflao, ọkọ̀ tò títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Búrẹ́dì tí Àgbékẹ́ gbé dání tán lọ́jọ́ kejì. Omi ni wọ́n ń tà nítòsí, kò sóúnjẹ. Wòsílátù kò fọwọ́ kan àpò gàrí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ta omi sí i, ó rọ bébà sí i, ó dé e. Kò sùn dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fa bébà yọ. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì. Ó rí i pé bébà ni. Kò rí àwọ̀ rẹ̀. Ó nà án sí Àgbékẹ́.

Àgbékẹ́ wò ó. Ètè rẹ̀ ti bó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ ẹnì kan ń sunkún ebi láti àná.

"Pupa ni, ẹ̀gbọ́n."

"Pupa wo?"

Àgbékẹ́ gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sábẹ́ ọkọ̀.

"Pupa wo, Àgbékẹ́?"

"Ẹ ní Bísímílà," Àgbékẹ́ wí. Ó ti ń da omi sí gàrí.

Wòsílátù jẹ ẹ́. Gàrí náà dùn, kò kan. Ó mọ̀ láti ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Nàìjíríà, ogun ń lọ lọ́wọ́, ọgbẹ́ ìbọn ni àwọn dókítà ń wò. Wòsílátù fi káàdì oníhò méjìlá han ilé ìwòsàn méjì. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìwé ibẹ̀. Kí ọyẹ́ tó ká, ó tún na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àgbékẹ́. Kò rí ilà kankan kà.

Ilé Àgbékẹ́ kò jìnnà sí tirẹ̀ ní Ìnísà. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ọdún kejìlélógún rèé. Kì í gbé gàrí wá. Bó bá gbọ́ tí Wòsílátù ń bi aláta léèrè pupa wo, á gbé abọ́ kalẹ̀, á bá ẹ̀yìnkùlé jáde.