Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gan Bí Ọjà Bá Ku Ọ̀la

Mo máa ń fura. Mi ò fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, màá kọ́kọ́ ronú ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kí n tó dá a lóhùn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni ní Osi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ọ̀kadà bá gbé mi délé láìbàjẹ́ lọ́nà, màá bi ọlọ́kadà pé kí ló ń gbèrò. Èsì mi kò ju pé ìfura loògùn àgbà. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò bẹ̀rẹ̀ sí í gan, mo rò pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá mi fún ló délé wá bá mi yìí.

Ìlọrin ni mo ti ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, mo sì ń gbé wọn lé itan nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ẹyin. Mo tò ó tán, mo gbé e sórí tábìlì nínú pálọ̀ ilé bàbá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Mo ń fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, mo sì ń fi tẹ ètò ìsìn fún ìjọ wa. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ìwà padà. Mo lè máa tẹ̀wé lọ, gbogbo rẹ̀ á kàn dúró gbagidi. Ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ kò ní jáde, mo lè gbá tábìlì, mo lè pariwo, ojú rẹ̀ á ṣáà máa wò mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní háńgì. Tí mo bá pa á tí mo sì tún un tàn, á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ohun tó bá bàjẹ́, kó bàjẹ́! Èyí tó bàjẹ́ lónìí tí ara rẹ̀ yá lọ́la, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Iná ìjọba ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ta ni kì í fura sí i? Mo fi jẹnẹrétọ̀ gbé e dípò iná, ó tún gan. Mo fura sí kòkòrò tí ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, mo nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, mo tún un kó sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún gan. Mo wá dojú kọ ráàmù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ti rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ tí mo rà wọ́n, mi ò sì gbàgbé. Mo yọ ọ̀kan, mo fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa iṣẹ́ rẹ́ nu ẹnu èkejì, mo dá a padà. Kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dọ̀sán, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo ti ń ro èébú tí màá bú ọlọ́jà yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la, ó gan mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn: ọjà ku ọ̀la. Mo ronú sẹ́yìn. Èyí tó gan ṣáájú, ọjà ku ọ̀la. Èyí tó ṣáájú ìyẹn náà, ọjà ku ọ̀la. Mo dìde, mo ṣí wíńdò tí mo ti tì, mo sì yọjú.

Ìyá Kékeré ló wà níbẹ̀. Ìyàwó kejì bàbá mi ni. Láti ìgbà tí bàbá àti ìyá mi ti kú, èmi àti òun nìkan ló kù nínú ilé náà. Kò bímọ fún bàbá wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní ibòmíràn tó ń pè ní ilé àyàfi ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Obbo-Aiyegunle, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè rẹ̀ mọ́. Láfún ló ń tà. Tí ọjà bá ti ku ọ̀la, abẹ́ wíńdò pálọ̀ ni yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí, torí ibòji ibẹ̀, yóò máa fi kọ̀nkọ̀sọ̀ jọ láfún tó ti lọ̀, yóò sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ara rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, àwọn èèyàn sì sọ pé àdúrà ló ń gbà. Ṣùgbọ́n àdúrà tí èèyàn ò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ta ló lè ṣàmín sí i?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti wíńdò náà bí ó bá ti jókòó síbẹ̀. Mo máa ń sọ pé kí ẹ̀bu láfún má baà bà lé ìwé mi ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó máa rí ohun tí mo ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn ó gbọ́ bí mo ṣe tún ń ti gíláàsì pa, ó gbójú sókè.

"Ọkọ mi," ó ní, "ulé yí gbóná o. Kí ló dé kì o ń ti wíńdò?"

Ọkọ mi ló ń pè mí láti kékeré, torí mo ti wà nínú ilé kó tó wọlé wá bí ìyàwó, ìyàwó ilé wa kì í sì pe irú wa lórúkọ. Mo ní kò sí nǹkan. Mo sì ń bi ara mi pé, kí ló kàn án nínú wíńdò?

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí kí ọ̀rọ̀ má baà ṣókùnkùn. Gbogbo ọjọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la yìí, Ìyá Kékeré máa ń ro ọkà láfún, á bu tèmi sínú abọ́, á fi ọmọrí dé e, á gbé e síwájú mi. Màá dọ̀bálẹ̀, màá dúpẹ́. Bó bá ti yíjú, ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ ewúrẹ́ ni mò ń gbé e lọ. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà ní kékeré, ìyá wa kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ ọwọ́ orogún òun. Ìyá wa ti lọ, ìkìlọ̀ rẹ̀ kò lọ. Ewúrẹ́ náà ti mọ ọjọ́ ọjà ju èmi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń lékè lórí ilé náà. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Iloffa ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo pè é lórí fóònù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó ní. "Ṣé o tún ń bèèrè ẹni kì ó pa ọmọ?"

Mo ní kó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ọ̀nà tí à ń gbà tún kọ̀ǹpútà ṣe ni pé kí a yọ ohun kan ṣoṣo kúrò, kí a wo bóyá àìsàn náà á lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìsìnkú gbé Ìyá Kékeré lọ sí Obbo, ó sì lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Mo ṣí wíńdò sílẹ̀ gbayawu, mo jókòó, mo tẹ̀wé. Ọjà dé, ọjà lọ, kọ̀ǹpútà náà kò gan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà mí. Ó dùn mọ́ mi nínú pẹ̀lú pé mo rí i mú, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí Ìyá Kékeré ti Obbo dé, mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó tán," ó ní. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sí ulé baba rẹ̀. Yàrá yẹn á wúlò fún àwa ọmọ."

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún Ìyá Kékeré. Bóyá ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi láti ojú wíńdò. Nígbà tí Sátidé mọ́, mo rí ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ òkè àtijọ́ dì, lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti wà lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ wíńdò, ó ń jọ láfún bí ìṣe rẹ̀, torí ọjà ku ọ̀la. Kò sọ nǹkan kan fún mi ju kíkí lọ. Ẹrù yẹn kò tóbi. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo ọjọ́ ayé obìnrin kan nínú ilé kan lè wọ inú aṣọ ẹyọ kan.

Mi ò lè jókòó. Mo mú sukurudiráfà, mo tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń tú u, ráàmù ni mo máa ń yọ, mi ò tíì yọ fáànù kékeré tó jókòó lórí ọpọlọ rẹ̀, tí ń fẹ́ ooru kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀bu ti kún àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀, ó ti dì gan-an. Mo jù ú sílẹ̀, mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

Bí mo ṣe wà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó sì wọlé. Ó rí i.

"Yéè! Má fọwọ́ kàn án!" ó pariwo. "Ẹ̀bu rè é! Ṣebí mo sọ fún ọ?"

Ìró kọ̀nkọ̀sọ̀ dákẹ́ lẹ́yìn wíńdò. Mo wo ẹ̀bu yẹn, mo wo wíńdò. Ó funfun jù fún ẹ̀bu burúkú, mo sọ lọ́kàn mi. Mo gbé omi kaná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbọ́n ẹ̀bu náà sínú ife, ó tó síbí kan. Nígbà tí omi ń hó, mo dà á lé e lórí, mo fi ìdí síbí rò ó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Ó kọ́kọ́ dà rú, ó ki, ó wá ń fà. Ọkà láfún ni. Ó dúdú díẹ̀ nítorí eruku, ṣùgbọ́n ọkà ni.

"Bó bá wá jẹ́ láfún ń kọ́?" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹni kì ó fẹ́ ṣe èèyàn, éè lè fi láfún ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohùn ara mi létí mi, kò sì dùn ún gbọ́. Gbogbo rẹ̀ wá hàn sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù ló ń fa ẹ̀bu láfún tó ń gba àlàfo gíláàsì wíńdò wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dí ọ̀nà atẹ́gùn. Kọ̀ǹpútà náà ń rí i fàyà rán bí pálọ̀ bá tutù. Lọ́jọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la, èmi náà á wá ti wíńdò pa, ilé á gbóná, ẹ̀rọ náà á gan. Nígbà tí ìyá yẹn lọ sí Obbo, kì í ṣe òun nìkan ni mo yọ kúrò. Mo ṣí wíńdò pẹ̀lú. Mo yọ ohun méjì, mo sì di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀kan. Ìyá náà sì ti bi mí létí ara mi pé kí ló dé tí mo ń ti wíńdò.

Mo ń ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Kékeré wọlé. Láfún ti fún un ní irùngbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ife, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi lá.

"Omi rẹ éè hó tó, ọkọ mi," ó ní.

Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wo èmi, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ ló ń jẹ ọkà kì mo ń gbé fún ọ. Ó pẹ́ kì mo ti mọ̀. Mo ń gbé e wá náà ni. Ṣé unú ti run ewúrẹ́ yẹn rí?"

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo rò pé ìbínú ló fẹ́ bá jáde, torí mo mọ̀ ọ́n. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbé ẹrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e padà sínú yàrá ìyá náà. Kò tọrọ àforíjì, kò sì tún sọ̀rọ̀ yàrá mọ́ títí ó fi padà sí Iloffa.

Mo gbọ́n láfún tó kù dànù, mo dá fáànù padà sáyè rẹ̀, mo gbé tábìlì mi lọ sí apá kejì pálọ̀, mo ṣí wíńdò. Kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi ń rọ̀. Mo ṣì ń wò ó láwòfín, ẹ mọ̀ mí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Kékeré gbé abọ́ kan wá, ọmọrí wà lórí rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò yíjú. Mo ṣan ọwọ́, mo ṣí ọmọrí, mo bu òkèlè. Mo fura sí i títí ó fi kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Ewúrẹ́ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń retí tirẹ̀.